Kùkùté Igi Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Fi Ṣe Àga? Ìfiwéra fún Àwọn Ará Abẹ́òkúta

Ní àdúgbò wa ní Ìbàrà, igi máńgòrò méjì ni wọ́n gé ní ọdún tó kọjá. Gbòǹgbò ọ̀kan ti ń gbé ògiri ọgbà sókè, ẹ̀ka èkejì sì ti sinmi lé páànù ilé onílé. Àwọn tó ń ta igi ìdáná ti kó ẹ̀ka wọn lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fọwọ́ kan kùkùté. Bí a ti ń ṣe é tipẹ́ ni pé kí a da kẹrosíìnì sí i kí a sì dáná sun ún, tàbí kí a fi í sílẹ̀ fún ikán. Ní báyìí, ẹni tó bá ní kùkùté nínú ọgbà ti ń ronú nípa àpótí ìjókòó, tábìlì àárín pálọ̀, tàbí àga abẹ́ ibòòji tí èèpo, kókó àti gbòǹgbò igi ṣì hàn lára rẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí jù ni pé: ṣé kùkùté tó wà nílẹ̀ yìí dára, àbí kí n lọ wá ti ìrókò tàbí ti tíìkì?

Igi márùn-ún ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níbí: ìrókò, tíìkì, máńgòrò, dongoyaro àti mẹ́láínà. Àwọn ni kùkùté wọn sábà máa ń bọ́ sí wa lọ́wọ́, yálà nínú ọgbà ilé ní ìgboro tàbí ní àwọn oko tó yí Abẹ́òkúta ká. Mi ò ní tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹwà wọn ṣe rí, nítorí pé lẹ́yìn sáńpépà àti fáníìṣì, kò sí èyí tí kò lẹ́wà nínú wọn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí àga bá ti wọlé.

Ohun tí a ó fi díwọ̀n wọn

Èkíní ni bí igi ṣe ń gbẹ. Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kún fún omi. Omi náà lè wọ̀n tó ìdajì igi gbígbẹ fúnra rẹ̀ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí igi àga inú ilé kò yẹ kó ní ju nǹkan bíi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí omi yìí ṣe ń jáde ni igi ń súnkì, kì í sì í súnkì bákan náà níbi gbogbo. Ní ìhà tó bá òrùka inú igi yípo, ó ń súnkì ní nǹkan bí ìlọ́po méjì bó ṣe ń súnkì láti ọkàn igi bọ̀ sí èèpo. Odidi kùkùté kò wá rí ibi tí yóò gbà, ló bá ya ẹnu láti èèpo dé ọkàn. Yàtọ̀ sí èyí, ojú tí ayùn gé kọjá máa ń tú omi sílẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ẹ̀gbẹ́ igi lọ. Ìdí nìyí tí ọyẹ́ fi ń ba kùkùté jẹ́: ojú rẹ̀ á ti gbẹ kanrin nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ẹni tó bá fẹ́ sá kùkùté rẹ̀ síta kó lè gbẹ, kó bẹ̀rẹ̀ nígbà òjò, lábẹ́ àtíbàbà, lórí búlọ́ọ̀kù kí ó má bàa kan ilẹ̀, kí ó sì fi ọ̀dà àjẹkù tàbí àbẹ́là yíyọ́ kun ojú rẹ̀ méjèèjì ní ọjọ́ tí ó bá gé e gan-an.

Èkejì ni ikán àti kòkòrò. Bí ẹ bá wo ojú kùkùté tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ẹ ó rí ara funfun tó wà lábẹ́ èèpo, àti ara inú tó sábà máa ń dúdú tàbí pọ́n jù ú lọ. Inú ara funfun yìí ni igi ń kó oúnjẹ rẹ̀ sí nígbà ayé rẹ̀, òun náà sì ni kòkòrò ń wá. Kò sí igi kan nínú àwọn márààrún yìí tí ara funfun rẹ̀ lè kojú ikán, ìrókò pàápàá kò yọ sílẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ikán kì í jẹ tíìkì, ara inú ló ń sọ.

Ẹ̀kẹta ni ìwúwo. Àga tí ènìyàn ń jókòó lé kì í sábà ga ju 45cm lọ. Kùkùté ìrókò tó ga tó bẹ́ẹ̀, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 50cm, á ṣì wọ̀n tó nǹkan bíi 57kg lẹ́yìn tó bá ti gbẹ dáadáa, ìyẹn sì ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Nígbà tó bá ṣì tutù, ó lè súnmọ́ àpò méjì. Kí ẹni tó ń gbé ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ronú sí èyí kó tó sanwó.

Ẹ̀kẹrin ni owó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ìṣirò ṣe. Kùkùté fúnra rẹ̀ kì í sábà wọ́n, ẹlòmíràn tilẹ̀ máa dúpẹ́ pé ẹ bá òun gbé e kúrò. Owó wà lọ́wọ́ àwọn tó máa hú u, ọkọ̀ tó máa gbé e, ayùn, sáńpépà, oògùn kòkòrò, àti oṣù tí ẹ máa fi dúró. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì; ó dà bíi pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ti hú kùkùté rí. Ní ìlú olókùúta bíi tiwa, gbòǹgbò máa ń gbá òkúta mọ́ra bó ṣe ń dàgbà títí tí yóò fi gbé e mì pátápátá. Ẹni tó bá gbé ayùn onímọ́tò lé irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ayùn rẹ̀ á kújú kó tó gé e dé ìdajì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣó okùn aṣọ tí ẹnì kan kàn mọ́ igi ní ogún ọdún sẹ́yìn, tí èèpo ti bò mọ́lẹ̀. Igi inú ọgbà ilé kì í sábà ṣàìní in. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n dúdú bíi aró lójú ibi tí a gé, ó ṣeé ṣe kí irin wà nítòsí.

Ìrókò

Bí a bá ń sọ nípa agbára, ìrókò ló ṣáájú. Ara inú rẹ̀ kò ṣeé jẹ fún ikán, ó lè wà níta lábẹ́ òjò fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń yí láti ìyeyè sí àwọ̀ ilẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà á. Ẹni tó bá fẹ́ àga iwájú ilé tí kò ní gbé wọlé mọ́, kò sí ohun tó tún dára ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro tirẹ̀. Okùn ara rẹ̀ lọ́ mọ́ra, nítorí náà ìfági máa ń fa á ya bí a bá gbé e gba ọ̀nà òdì. Nínú ìrókò míràn, òkúta funfun kan máa ń dì sáàárín igi fúnra rẹ̀, ó sì le débi pé ó ń ba ehín ayùn jẹ́. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ máa ń yún ara, ó sì lè mú kí àyà ènìyàn fún pọ̀, nítorí náà ẹni tó máa fi sáńpépà ha á gbọ́dọ̀ bo imú àti ẹnu rẹ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀ sì ga, torí pé odidi kùkùté ìrókò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hú kì í ṣe ohun tí ọkùnrin méjì lè gbé sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ tún wà níbẹ̀. Ìrókò agbo ilé sábà máa ń jẹ́ ti ẹbí, òmíràn sì ni igi olúwéré tí wọ́n ń bọ, tí kùkùté rẹ̀ kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni láti tà. Ẹ rí olórí ẹbí kí ẹ tó rí aláyùn. Bó bá sì jẹ́ láti inú igbó ọba ni wọ́n ti fẹ́ gbé e wá fún yín, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìjọba lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí wọ́n má bàa dá ọkọ̀ yín dúró lójú ọ̀nà.

Tíìkì

Bí ó bá jẹ́ pé igi kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n mú, tíìkì ni mo máa mú. Kì í súnkì púpọ̀ bó ṣe ń gbẹ, ìyẹn sì ni pé kì í là bí àwọn yòókù. Òróró tó wà nínú ara rẹ̀ ń lé ikán sá, ó sì ń jẹ́ kó farada omi. Láti Éṣíà ni wọ́n ti gbé e wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbìn ín ní ilẹ̀ wa, ní àwọn ibi bíi igbó ọba Olókèméjì tó wà láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, àti nínú oko àwọn aládàáni.

Òróró yìí kan náà ló ń fa wàhálà nígbà tí a bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́ tàbí kun ún. Ẹ fi tínà nu ojú rẹ̀ dáadáa kí gọ́ọ̀mù tàbí fáníìṣì tó kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa ṣí kúrò bí èèpo àlùbọ́sà. Ìdíwọ́ rẹ̀ kejì ni pé wọ́n sábà máa ń gé tíìkì nígbà tó ṣì kéré, nítorí náà kùkùté rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó dára fún àpótí ìjókòó ẹnì kan tàbí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ṣùgbọ́n kò tó ṣe tábìlì ńlá àárín pálọ̀ láìjẹ́ pé a so ègé púpọ̀ pọ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ra kùkùté láti oko kì í béèrè. Kùkùté tíìkì kì í ṣe òkú igi: ó máa ń rúwé padà, ẹ̀ka tuntun náà á sì di òpó títà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àgbẹ̀ tó ní oko lè fẹ́ fi í sílẹ̀ fún ìdí yìí. Ẹ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe lébìrà tó ń gégi.

Máńgòrò

Máńgòrò ló pọ̀ jù, òun ló rọrùn jù láti rí lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà ló sì ti kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi kùkùté máńgòrò ṣe àpótí, mo gé e ní odidi, mo fi í sí fàráńdà fún oṣù méjì péré, mo fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán, mo kun ún ní fáníìṣì ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì gbé e sí pálọ̀ nínú oṣù kejìlá. Ní òru ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, a gbọ́ ìró kan bíi pé ẹnì kan gbá ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àpótí náà ti la ẹnu tó gba àtàǹpàkò mi. Ìyá mi tó wá kí wa láti Adátán wò ó títí, wọ́n ní, “Igi yìí ò tíì mọ̀ pé òun ti kú.”

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan funfun bíi èlùbọ́ kíkúnná lórí táìsì ní àràárọ̀, ní abẹ́ àpótí náà gan-an. Ihò tó dà bíi ibi tí a fi abẹ́rẹ́ gún wà lára igi náà, bí a sì ṣe ń gbá èlùbọ́ yìí kúrò ni òmíràn ń rọ̀. Kòkòrò ti wà nínú rẹ̀ kí n tó kun ún. Fáníìṣì kàn bá wọn ti ilẹ̀kùn ni.

Ara inú máńgòrò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ara ìta, gbogbo rẹ̀ ni kòkòrò lè jẹ, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ bó èèpo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gé e, torí pé abẹ́ èèpo ni kòkòrò ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó tún fi oògùn igi bíi Solignum kun ún níta gbangba, kó sì jẹ́ kí òórùn rẹ̀ tán kó tó gbé e wọlé. Mi ò ní lo oògùn yìí fún ojú tábìlì tí a máa gbé oúnjẹ lé. Oje máńgòrò náà lè jẹ́ kí ara ẹlòmíràn sú, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn.

Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹ jù ú nù. Mo gé ìyókù kùkùté yẹn sí ègé tó nípọn ní 8cm, mo fi ọ̀dà kun ojú wọn, mo sì tò wọ́n sábẹ́ àtíbàbà tí mo fi igi pẹlẹbẹ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ọdún kan àti díẹ̀, nígbà tí mo fági ojú wọn, olú ti ya ìlà dúdú wínníwínní sínú igi funfun náà, ó rí bíi iṣẹ́ ìyẹ́ adìẹ lára aṣọ aládìrẹ Ìtòkú. Igi yòókù kò lè fún yín ní irú ẹwà yìí ní irọ̀rùn. Ìgbà tí olú bá pẹ́ jù nínú rẹ̀ ni igi á rọ̀ bí búrẹ́dì, nítorí náà ẹ máa fi èékánná tẹ̀ ẹ́ wò. Igi fúrúùtù tí a ń gbìn fún ibòòji náà kò le fún ikán. Bí ẹ ṣe tọ́jú máńgòrò ni kí ẹ ṣe tọ́jú rẹ̀.

Dongoyaro

Dongoyaro wà láàárín. Ó le ju máńgòrò lọ, ìkorò rẹ̀ ń jẹ́ kí kòkòrò máa yẹra fún un díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ìrókò tàbí tíìkì. Okùn ara rẹ̀ lọ́ mọ́ra, ègé rẹ̀ sì lè wọ́ bí a kò bá gbé ohun tó wúwo lé e nígbà tó ń gbẹ. Òórùn rẹ̀ máa ń lágbára nígbà tó bá tutù, á sì dínkù bó bá ṣe ń gbẹ. Ibi tó ti dára jù ni pé kùkùté rẹ̀ sábà máa ń ní kókó àti ẹ̀ka púpọ̀ nísàlẹ̀, èyí tí a lè dorí rẹ̀ kodò kí a sì gbé gíláàsì lé.

Mẹ́láínà

Igi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nìyí. Ó rọ̀ fún ayùn, ó fúyẹ́, kì í sì í là púpọ̀ bí a bá ní sùúrù, torí pé kì í tètè gbẹ. Kùkùté rẹ̀ tó bá rí bákan náà pẹ̀lú ti ìrókò tí mo ṣírò lókè kò ní ju nǹkan bíi 40kg lọ. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n gbin púpọ̀ rẹ̀ sí J4, nínú igbó ọba Ọmọ, nítorí ilé-iṣẹ́ bébà Ìwópìn, ó sì ti tàn ká oko láti ìgbà náà. Àwọ̀ rẹ̀ funfun, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tí ojú á máa wò, nítorí náà àwọn kan máa ń fi ọ̀dà aláwọ̀ igi kun ún kí wọ́n lè tà á ní ìrókò. Ẹ gbé e wò: bí “ìrókò” bá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ yí i síkùn kí ẹ wo ibi tí ọ̀dà kò dé. Òun náà máa ń rúwé padà bíi tíìkì. Kò yẹ kó wà níta.

Ní ti àràbà, ó tètè ń jẹrà. Ọ̀pẹ àti àgbọn kò ní igi líle ní àárín. Mi ò ní ná owó sórí èyíkéyìí nínú wọn.

Odidi, ègé, tàbí gbòǹgbò

Yàtọ̀ sí irú igi, ẹ tún máa yan bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí. Odidi kùkùté ló rọrùn jù láti ṣe, òun ló sì nira jù láti gbẹ: lẹ́yìn ọdún méjì, inú rẹ̀ lè ṣì tutù. Bí ẹ bá yàn án, ẹ jẹ́ kí aláyùn fa ojú ayùn kan láti ẹ̀yìn dé ọkàn igi kí ó tó máa gbẹ. Ibẹ̀ ni yóò ti ya ẹnu, ẹ ó sì kọ ibẹ̀ sí ògiri tàbí kí ẹ fi igi kan náà dí i.

Ègé tó ní ẹsẹ̀ irin ni mo fara mọ́ jù. Ó ń gbẹ kíákíá, ó fúyẹ́, wẹ́dà èyíkéyìí sì lè ṣe ẹsẹ̀ fún un. Láti mọ̀ pé ó ti gbẹ, mo máa ń gbé e lé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ta ìrẹsì ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye rẹ̀ sí i nísàlẹ̀. Bí iye náà kò bá yí padà fún oṣù méjì tẹ̀léra, mo lè kun ún.

Gbòǹgbò tí a gbé gíláàsì lé gba iṣẹ́ púpọ̀, owó gíláàsì sì lè ju ti igi lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí àlejò ń béèrè tó o. Bó bá là, kò sí ẹni tó máa mọ̀.

Ní ti ohun tí a fi ń kun ún, fáníìṣì tó fún inú ilé. Epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù olómi tó máa ń le bó bá gbẹ, tí wọ́n ń dà sínú ibi tó là, máa ń dán bíi omi, òun ló sì wọ́n jù, ṣùgbọ́n kì í mú dáadáa lára igi tí kò tíì gbẹ. Epo ẹ́ńjìnnì àjẹkù tí àwọn kan ń fi pa ìdí kùkùté nítorí ikán máa ń ta sí aṣọ, òórùn rẹ̀ kì í sì í lọ. Kò yẹ kó wọ inú ilé.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó fẹ́ àga tí yóò wà lójú òjò níwájú ilé tàbí nínú ọgbà, tó sì ní owó ọkọ̀ àti ti alágbàṣe, kó wá ìrókò tí ẹbí onígi ti fọwọ́ sí. Bí owó rẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀, kùkùté tíìkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin á ṣe iṣẹ́ kan náà, kó ṣáà gbẹ́ ara funfun wọn kúrò.

Ẹni tó ń gbé ilé àyágbé, tó ń kó kiri, kó mú ègé mẹ́láínà ẹlẹ́sẹ̀ irin. Òun náà ni mo máa gbà níyànjú fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, torí pé àṣìṣe lórí mẹ́láínà kì í dun ènìyàn púpọ̀.

Ẹni tó ní dongoyaro tí gbòǹgbò rẹ̀ pọ̀, tí ilé rẹ̀ sì gba tábìlì gíláàsì, kó má wulẹ̀ wá òmíràn kiri. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kékeré bá wà nílé, kó dúró ná, tàbí kó ní kí wọ́n yọ igun gíláàsì náà kúrò.

Ẹni tó ti ní máńgòrò nílẹ̀, tí kò sì kánjú, kó gé e sí ègé lónìí. Bó bá jẹ́ pé ayẹyẹ ọdún tó ń bọ̀ ló fẹ́ lò ó fún, kó ra tíìkì tó ti gbẹ, kó sì fi máńgòrò tirẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà pẹ̀lú ọ̀dà lójú rẹ̀ méjèèjì.